James Van Der Zee: Onífọ́tò Harlem àti Irinṣẹ́ Yàrá Òkùnkùn Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè tí àwa ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, àwọn ọ̀dọ́ kan tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà onífíìmù kiri. Wọ́n ń ra abọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, iná pupa, aago tí ń ka ìṣẹ́jú, àti ẹ̀rọ tí ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Àlòkù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àlòkù ni ohun tí ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ọwọ́ wa. Nígbà mìíràn, inú ilé onífọ́tò kan tó ti darúgbó tàbí tó ti kú ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń jáde wá, tí àwọn ẹbí kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Ẹni tó bá ra irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ra apá kan nínú ìgbésí ayé ẹnì kan ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn James Van Der Zee, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ya fọ́tò Harlem fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí ẹrù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ọmọ Lenox

Wọ́n bí James Augustus Van Der Zee ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1886, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lenox ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. John ni orúkọ bàbá rẹ̀, Susan sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ rí ní New York nínú ilé Ulysses S. Grant, ọ̀gágun tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Lenox. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, James sì ni ìkejì.

Àwọn ọlọ́rọ̀ láti New York àti Boston máa ń wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Lenox, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Nínú ilé Van Der Zee, orin àti àwòrán ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. James kọ́ dùùrù, ó kọ́ fáyólíìnì, ó sì ń kun àwòrán.

Nígbà tó di ọmọ nǹkan bí ọdún 14, ó rí ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ta àpò ìyẹ̀fun olóòórùn dídùn 20, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń fi sáàárín aṣọ, yóò gba kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́. James gba àwọn àpò náà, ó tà wọ́n tán, ó sì dúró de ẹrù rẹ̀. Kámẹ́rà náà dé lóòótọ́, tòun ti gíláàsì àti kẹ́míkà. Ṣùgbọ́n ohun ṣeréṣeré ni. Gbogbo bó ṣe gbìyànjú tó, kò rí àwòrán gidi kan yà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ mìíràn ìbá jù ú nù kó sì gbàgbé. James kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà àti gíláàsì tó bá kámẹ́rà náà wá ti fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn án. Ó ṣe iṣẹ́ kékeré níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó kó owó jọ, ó sì ra kámẹ́rà mìíràn tó tóbi jù, tó sì ṣiṣẹ́. Ó sọ yàrá kóńkó tí wọ́n ń kó aṣọ sí nínú ilé wọn di yàrá òkùnkùn. Ó ya ẹbí rẹ̀, ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ya ìlú náà. Díẹ̀ ni ẹni tó ní kámẹ́rà ní Lenox nígbà yẹn.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá òkùnkùn?

Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi mọ fọ́tò lè máa bèèrè pé kí ni yàrá òkùnkùn wà fún. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ ní kúkúrú.

Ní ìgbà èwe Van Der Zee, gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ya fọ́tò. Wọ́n á ti fi ohun kan tó dà bí ọ̀gì tútù kun ojú gíláàsì náà, kí wọ́n tó jẹ́ kó gbẹ. Èròjà fàdákà wà nínú ohun náà, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń yí èròjà yìí padà. Bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá kàn án ṣáájú àkókò, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú gíláàsì ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa, nítorí náà onífọ́tò lè tan iná pupa kékeré nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tó bá ti ya àwòrán tán, yóò ki gíláàsì náà bọ inú kẹ́míkà àkọ́kọ́, èyí tí yóò mú àwòrán jáde. Yóò ki í bọ inú omi, lẹ́yìn náà yóò ki í bọ inú kẹ́míkà kejì tí yóò kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò, kí àwòrán náà má baà parẹ́. Yóò fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, yóò sì sá a. Ohun tó kù ni nẹ́gátíìfù: ibi tó funfun lójú ayé yóò dúdú lára rẹ̀, ibi tó dúdú yóò sì mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lé orí pépà tí wọ́n fi èròjà fàdákà ṣe, tí wọ́n tan iná sí i, tí wọ́n sì fọ pépà náà bákan náà, àwòrán gidi yóò jáde. Nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo lè bí ọgọ́rùn-ún fọ́tò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá jà níwájú.

Láti Lenox dé Newark

Ní ọdún 1906, James lọ sí New York. Iṣẹ́ tó rí ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti fọ́tò. Ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ, ó sì ń wa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè nínú ilé alájà púpọ̀. Lálẹ́, ó ń lu dùùrù, ó sì ń ta fáyólíìnì nínú ẹgbẹ́ olórin. Ní ọdún 1907 ó fẹ́ Kate Brown, wọ́n sì gbé ní ìpínlẹ̀ Virginia fún ìgbà díẹ̀. Ó ya fọ́tò níbẹ̀, ní agbègbè ilé ẹ̀kọ́ Hampton, kí wọ́n tó padà sí New York. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Rachel, àti ọmọkùnrin kan, Emile. Emile kú ní kékeré. Nígbà tó yá, ìgbéyàwó náà tú ká.

Ní nǹkan bí ọdún 1914 sí 1915, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá kan ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Onífọ́tò kan wà nílé ìtajà náà, James sì di ọmọṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti po kẹ́míkà, kó fọ gíláàsì, kó sì tẹ fọ́tò sórí pépà. Owó tí wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀ kò pọ̀.

Bí ọ̀gá bá jáde, James ló ń ya fọ́tò dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá náà kì í fi àkókò ṣòfò lórí oníbàárà. James ní tirẹ̀ máa ń wo ènìyàn dáadáa. Yóò tún jókòó rẹ̀ ṣe, yóò sọ ibi tí ọwọ́ yóò wà àti ibi tí ojú yóò kọ sí. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè òun gan-an. Ó wá yé e pé òun lè dá dúró.

Sítúdíò ní Harlem

Ní nǹkan bí ọdún 1916, ó ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní Òpópónà 135 ní Harlem. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Guarantee Photo Studio, ìyẹn ni pé ó fọwọ́ sọ̀yà pé oníbàárà kò ní kábàámọ̀. Gaynella Greenlee, ẹni tó di ìyàwó rẹ̀ kejì, bá a ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ sítúdíò náà ní GGG ní ìrántí orúkọ obìnrin yìí.

Àkókò yẹn ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń rọ́ wá sí Harlem láti gúúsù Amẹ́ríkà àti láti àwọn erékùṣù Karibíánì. Wọ́n ń sá fún ìyà, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ti rí iṣẹ́, tó ra aṣọ tuntun, ohun tó kàn ni pé kó ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, kí ìyá àti bàbá rí i pé ọmọ àwọn kò jìyà. Àwa tí a ń gbé òkè òkun mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn òbí wa náà ya tiwọn ní London àti ní New York, pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́rùn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta.

Van Der Zee mọ ohun tí irú fọ́tò yẹn dúró fún. Ní ìgbà tí àwọn ìwé ìròyìn púpọ̀ ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe ẹlẹ́yà, ó ya wọ́n bí ẹni iyì. Aṣọ títẹ́ àti àga dáadáa wà nínú sítúdíò rẹ̀, àwòrán ọgbà òdòdó sì wà lára ògiri. Ó ya ìyàwó ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ya ẹgbẹ́ ìjọ, ó ya àwọn jagunjagun tó ti ogun dé, ó sì ya àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1924 ó di onífọ́tò fún UNIA, ẹgbẹ́ Marcus Garvey, ó sì ya Garvey fúnra rẹ̀ àti ìwọ́de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ tó lókìkí jù lọ ni ti ọdún 1932: ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọ kóòtù onírun ńlá, mọ́tò Cadillac wọn sì ń dán lójú títì. Ọ̀dá owó ńlá wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, àmọ́ ẹni tó bá wo fọ́tò náà kò ní mọ̀.

Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́

Kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ló mú Van Der Zee yàtọ̀. Lẹ́yìn tó bá fọ nẹ́gátíìfù tán ni iṣẹ́ mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò mú pẹ́ńsù àti ọ̀bẹ kékeré, yóò sì máa fi wọ́n ṣiṣẹ́ lójú nẹ́gátíìfù náà. Ó ń mú àpá kúrò lójú, ó ń tún eyín tó ti kán ṣe, ó sì ń fi ohun ọ̀ṣọ́ sí ọrùn ẹni tí kò ní. Ohun tí fóònù ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan lónìí, ọwọ́ ló fi ń ṣe é, gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba sùúrù.

Ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń pa nẹ́gátíìfù méjì pọ̀ sórí pépà kan. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó kan ní ọdún 1926, ó fi àwòrán ọmọdébìnrin kan tó dà bí òjìji síwájú tọkọtaya, láti fi ọmọ tí wọn yóò bí lọ́jọ́ iwájú hàn. Nínú fọ́tò òkú, ó máa ń fi áńgẹ́lì sókè pósí. Àwọn ẹbí ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yìí, torí wọ́n fẹ́ ohun ìrántí tí kò ní dẹ́rù bani.

Bí èyí bá ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, kí ó rántí àwọn ìbejì wa. Àwọn onífọ́tò nílẹ̀ Yorùbá náà ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yàrá òkùnkùn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú tí wọn kò tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó papọ̀. Harlem àti ilẹ̀ Yorùbá kò gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ ara wọn. Ìbànújẹ́ kan náà ló kọ́ wọn.

Van Der Zee mọ ìbànújẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Rachel, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un, kú ní ọdún 1927, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún 1978, wọ́n kó lára àwọn fọ́tò òkú tó yà jọ sínú ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Harlem Book of the Dead. Toni Morrison ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí ọjà kò tà mọ́

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan yí padà. Kámẹ́rà kékeré ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà. Bàbá lè ya ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó sì gbé fíìmù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn kò wọ aṣọ ìlékè lọ sí sítúdíò mọ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Van Der Zee kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ó sì ń tún fọ́tò àtijọ́ tó ti ya tàbí tó ti ṣá ṣe fún àwọn tó bá fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ tó ya Garvey ń lẹ fọ́tò ìyá onílé mọ́ ara wọn. Owó náà kò tó. Gbèsè ń pọ̀ lórí ilé rẹ̀ ní Lenox Avenue, níbi tí sítúdíò rẹ̀ wà. Nẹ́gátíìfù tó ti kó jọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní sì wà nínú àpótí lóríṣiríṣi, kò da ọ̀kan nù.

Ní ìparí ọdún 1967, Reginald McGhee, ẹni tí ń wá fọ́tò fún àfihàn kan nípa Harlem, kan ilẹ̀kùn sítúdíò náà. Ó bèèrè bóyá bàbá ní fọ́tò àtijọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí jáde. McGhee rí i pé ìtàn Harlem látilẹ̀wá ló wà níwájú òun, ọjọ́ àti orúkọ sítúdíò sì wà lára púpọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York ṣí àfihàn náà, Harlem on My Mind. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú wọ́de níwájú ilé náà, nítorí wọn kò fi iṣẹ́ àwọn oníkunkun àti agbẹ́gilére Harlem sí i. Síbẹ̀, fọ́tò Van Der Zee wà lára ohun tí àwọn ènìyàn rántí jù lọ. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 82 kí àwọn tí kì í ṣe ará Harlem tó mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún kan náà tí òkìkí rẹ̀ kàn yìí ni wọ́n lé òun àti Gaynella kúrò nínú ilé wọn ní Lenox Avenue. Òkìkí ti dé, àmọ́ kò bá owó dé. Arúgbó méjì, àpótí, kámẹ́rà àti gíláàsì: gbogbo rẹ̀ ní láti kúrò níbẹ̀.

Ta ló ni nẹ́gátíìfù?

Ọdún 1969 náà ni wọ́n dá James Van Der Zee Institute sílẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, nẹ́gátíìfù rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n wà lábẹ́ ìtọ́jú Studio Museum ní Harlem. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá jà. Ẹni tí nẹ́gátíìfù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè tẹ fọ́tò tuntun. Bàbá tó ya wọ́n ń gbé nínú àìní, kò sì lè tẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tà. Gaynella kú ní ọdún 1976. Ní ọdún 1978, bàbá fẹ́ Donna Mussenden, obìnrin tó kéré sí i gan-an lọ́jọ́ orí. Obìnrin yìí tún ilé rẹ̀ ṣe, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì dúró tì í nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ nẹ́gátíìfù náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 1981.

Ó tún padà sídìí kámẹ́rà. Lẹ́yìn tó ti lé ní ọmọ ọdún 90, àwọn gbajúmọ̀ ń tò wá sọ́dọ̀ rẹ̀: Muhammad Ali, Cicely Tyson, Bill Cosby, àti ọ̀dọ́mọkùnrin oníkunkun nì, Jean-Michel Basquiat, tó yà ní ọdún 1982. Ó jókòó wọn bó ṣe jókòó àwọn òṣìṣẹ́ Harlem láyé ọjọ́un. A kúkú máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, ó lọ sí Washington láti gba oyè ìmọ̀ ìdánilọ́lá ní Yunifásítì Howard. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ní ọmọ ọdún 96. Ẹjọ́ náà kò tíì parí nígbà tó kú. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a rìn ín dópin, wọ́n sì pín ẹrù náà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2021, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan àti Studio Museum kéde pé àwọn ti jọ gba gbogbo ẹrù náà sí ibi kan: nǹkan bí 20,000 fọ́tò, nǹkan bí 30,000 nẹ́gátíìfù, àti irinṣẹ́ sítúdíò rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó fi fọ́tò rẹ̀ han ayé lọ́dún tí wọ́n lé e jáde nílé ló padà wá di ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù

Bí ẹ bá fẹ́ ra irinṣẹ́ yàrá òkùnkùn, ẹ wo jíǹgí kámẹ́rà bóyá èbù wà nínú rẹ̀, ẹ wo abọ́ bóyá ó ti sán, ẹ má sì lo kẹ́míkà àtijọ́ tó ti yí àwọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣí gbogbo àpótí wò. Bí ẹ bá bá nẹ́gátíìfù nínú rẹ̀, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó yà wọ́n, ẹ bèèrè ìlú àti ọdún, kí ẹ sì wá àwọn ẹbí tó ni wọ́n kàn.

Bí òbí tàbí òbí àgbà yín bá jẹ́ onífọ́tò ní Nàìjíríà, ní Benin tàbí ní Bíríkìní, ẹ bi wọ́n léèrè báyìí pé níbo ni nẹ́gátíìfù wọn wà. Àpótí Van Der Zee ríbi sá sí nítorí pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè láti dáhùn.